Bátìrì Méjì Ni Wọ́n Kọ Sí Ìdí Rẹ̀

Mo ti dàgbà débi tí mo lè fi ọ̀pọ̀ nínú àṣìṣe ìgbà èwe mi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi fúnra mi ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi bí mo ṣe já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́ níwájú gbogbo ìjọ lọ́jọ́ Àjíǹde, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí n kì í sọ. Bí ọmọ-ọmọ mi bá gbé ohun ìṣeré tó ń lo bátìrì wá bá mi pé, "Bàbá àgbà, kò yí mọ́," ara mi á bù máṣọ, n ó sì ní kó gbé e lọ bá bàbá rẹ̀. Wọ́n rò pé ojú mi ló ti ń ṣe bàìbàì. Kì í ṣe ojú. Ìtìjú ni.

Kò pẹ́ tí ogun abẹ́lé parí. Tíṣà ni mí ní Igbó-Ọrà, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí Gírédì Tuù. Mo ní ṣòkòtò funfun mẹ́ta, kẹ̀kẹ́ kan, àti ìgbéraga tí kẹ̀kẹ́ náà kò lè gbé. Bí mo bá ń kọjá lọ láàárín ìlú, mo máa ń rò pé gbogbo àwọn àgbẹ̀ tó ń kí mi ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo wà láyé.

Ilé dẹ́rẹ́bà lọ́rì kan ni mo gba yàrá sí. Ọkùnrin náà kì í gbélé. Ẹ̀gúsí àti gàrí ló ń kó lọ sí Èkó, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó gbúròó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bójú tó gbogbo ilé. Ìyá Ìbejì là ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí o bá ké "Ìyá Ìbejì" lójú títì Igbó-Ọrà, obìnrin márùn-ún á bojú wẹ̀yìn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Oúnjẹ alẹ́ kan kò jinná nínú ilé yẹn kí tèmi má wà nínú abọ́ tí wọ́n dé. Á ní, "Tíṣà, ẹ wá jẹun o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bá wa kọ́ ọmọ, ṣé ebi ló yẹ kó pa yín?"

Nínú ìbejì rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló wà ńlẹ̀, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà. Èkejì rẹ̀ ti rìnrìn àjò kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún kan. Bí wọ́n ti ń wí i nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé ìbejì kú nínú ilé yẹn. Èyí tó lọ yìí ló kẹ́yìn jáde láti inú ìyá wọn, nítorí náà òun ni ẹ̀gbọ́n. Ààfáà àdúgbò ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ sí ère nínú ilé Mùsùlùmí. Ìyá Ìbejì gbọ́, kò sì gbẹ́ ère. Ọmọláńgidi rọ́bà ló rà, irú èyí tí wọ́n ń tà fún ọmọdé. Ó gbé e sórí pẹpẹ kékeré nínú pálọ̀, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi páúdà sí i lójú, aṣọ tó bá sì rán fún ọmọ tó wà, ó máa ń gé díẹ̀ lára rẹ̀ rán tọmọláńgidi náà. Ààfáà wọlé lọ́jọ́ kan, ó wo rọ́bà náà títí, ó mi orí, ó sì mu omi tí wọ́n gbé fún un. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Èmi, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ ìwé, mo máa ń rẹ́rìn-ín sínú bí mo bá rí i tó ń bá rọ́bà sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Mo kà á sí àìmọ̀kan. Mo sì ń jẹ oúnjẹ rẹ̀.

Òfin kan ló wà nínú ilé náà: ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ ṣe é fún èkejì, kí èyí tó lọ má baà rò pé wọ́n ti gbàgbé òun, kó wá pe èyí tó wà. Ìyá Ìbejì gba èyí gbọ́ tọkàntọkàn. Ọmọ kan ló kù ú kù, gbogbo ohun tó ń ṣe lórí pẹpẹ yẹn, kí ọ̀kan yìí lè dúró ni. Nítorí náà, nígbà tí Bàbá Ìbejì máa ra ohun ìṣeré bọ̀ láti Èkó, bàálù méjì ló rà. Pupa ni méjèèjì, wọn kò gùn ju ọwọ́ àgbà lọ. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kékeré méjì ń wọ inú ikùn rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ìyẹ́ iwájú á máa yí, bàálù á sì máa rìn kiri lórí sìmẹ́ńtì.

Ọ̀kan di ti ọmọ, ó fi ṣeré títí ọ̀dà rẹ̀ fi bó. Èkejì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọláńgidi, tuntun fínnífínní. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí wọ́n bá se ẹ̀wà ìbejì, wọ́n á gbé e sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fi bátìrì sí i, àwọn bàálù méjèèjì á sì jọ rìn lórí ilẹ̀ pálọ̀ tí ìyá wọn á máa pàtẹ́wọ́ tí ojú rẹ̀ á sì máa dán. Ọjọ́ yòókù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo gbọ́ tí ìyá ń kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: "Tìẹ rèé, ti ẹ̀gbọ́n ẹ nìyẹn. Tóo bá mú ti ẹ̀gbọ́n ẹ, ìjà lò ń wá o."

Ó tó àkókò kí n sọ ohun tí ó kàn mí nínú ọ̀rọ̀ bàálù. Ohun tí mo fẹ́ràn jù láyé nígbà náà ni mọ́tò. Kì í ṣe ọkọ̀ o. Mọ́tò tí mò ń wí ni ẹ̀rọ kékeré inú ohun ìṣeré, tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tí iná bátìrì ń yí. Mo máa ń tú u lára ohun ìṣeré tó ti bàjẹ́ àti lára ẹ̀rọ tó ń lu àwo orin. Wáyà bàbà tín-ín-rín ni wọ́n wé mọ́ irin inú rẹ̀, òòfà méjì sì wà lọ́tùn-ún lósì. Ó ní ìwọ̀n iná tí wọ́n ṣe é fún. Bátìrì méjì ni ti ọ̀pọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí o bá fi mẹ́ta sí i, ohùn rẹ̀ á yí padà. Bí o bá fi mẹ́rin sí i, á máa ké. Ẹni tí kò bá gbọ́ ohùn yẹn rí kò lè mọ ohun tí mò ń sọ. Nǹkan tí wọ́n ní kó máa rìn, ìwọ lo mú un sáré. O mọ̀ pé ó lè jó nígbàkúùgbà, o sì rí i pé kò tíì jó.

Ọgbọ́n wà níbẹ̀ o. O kò ní jẹ́ kó pẹ́ lórí iná. O máa fi wáyà kan bátìrì, o máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, o máa já a, o máa jẹ́ kó tutù. Bí o bá ka dé márùn-ún, ọwọ́ kò ní lè gbà á. Bí o bá gbàgbé ara rẹ tí o ka dé mẹ́wàá, ohun tí wọ́n fi kun wáyà bàbà inú rẹ̀ á jó, ìhòòhò wáyà á kan ìhòòhò wáyà, ó parí nìyẹn. Òórùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí èékánná bá kan iná.

Ọkùnrin kan wà ní Èrúwà tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá gáréèjì, òun náà lárùn yìí. Ó fi bí ọdún méje jù mí lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Lọ́jọ́ Sátidé mo máa ń wọ lọ́rì lọ bá a. A máa ń gé agolo mílíìkì bí ìyẹ́, a ó dá ihò sí àárín rẹ̀, a ó fi há orí irin mọ́tò láìjẹ́ kó le. Bí mọ́tò bá sáré dé ibi kan, ìyẹ́ agolo náà á fò kúrò lórí rẹ̀, á gba òkè lọ. Tẹni tó bá fò jù ló jáwé olúborí. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn òrùlé ni igi ọdán ńlá kan wà, tí àwọn dẹ́rẹ́bà ń sinmi lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹ́ ẹnikẹ́ni kò tíì fò kọjá igi ọdán náà rí.

Sátidé kan, mo fi bátìrì mẹ́fà sí mọ́tò tí mo ní, mo kà ju bó ti yẹ lọ, ó jó mọ́ mi lọ́wọ́ níṣojú gbogbo àwọn dẹ́rẹ́bà. Ẹlẹ́rọ rédíò náà kò tilẹ̀ jẹ́ kí èéfín rẹ̀ tán. Ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà yìí, ìwé nìkan lẹ mọ̀. Àṣé iná ò kàwé!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan nínú wọn fi di ikùn mú. Ó wá ní, "Sátidé tó ń bọ̀, bátìrì lọ́rì la máa lò. Tóo bá rí mọ́tò, kóo wá. Tóo ò bá rí, kóo wá jókòó wòran."

Agbára bátìrì lọ́rì tó ti bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́jọ. Odindi ọ̀sẹ̀ yẹn n kò rí oorun sùn dáadáa. Mo wá mọ́tò lọ sílé gbogbo ẹni tí mo mọ̀ pé ó ní ohun ìṣeré ọmọdé, n kò rí. Ní ọjọ́ Ẹtì mo jókòó nínú pálọ̀, mo ń jẹun, ojú mi sì lọ sórí pẹpẹ. Mo sọ fún ara mi pé, "Kò sẹ́ni tó ń lo èyí." Mo tún un sọ. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lóṣù ni, wọn kò tíì ní se ẹ̀wà fún bí ọjọ́ méjìlá, n ó ti dá a padà kí wọ́n tó mọ̀. Mo tilẹ̀ ń bínú díẹ̀ pé wọ́n fi mọ́tò tó dára bẹ́ẹ̀ ṣòfò lọ́dọ̀ rọ́bà.

Láàárọ̀ Sátidé, Ìyá Ìbejì lọ sí abúlé oko láti ra ẹ̀gúsí, ó ní kí ọmọ náà wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan ní ilé kejì. Ilé dá. Mo dé iwájú pẹpẹ. Ọmọláńgidi náà wọ àǹkárá aláwọ̀ ewé, irú èyí tí ọmọ náà wọ̀ jáde láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, páúdà funfun wà lójú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ rekete. Mo di ọmọláńgidi náà mú léjìká, mo yí ojú rẹ̀ sí ògiri, kí n tó mú bàálù náà. Èmi tí mo ní rọ́bà lásán ni.

Mo tú bàálù náà nínú yàrá mi, mo yọ mọ́tò rẹ̀, mo fi í sápò, mo wọ lọ́rì. Kí n sọ òtítọ́, mo gbádùn ọjọ́ náà. Wọ́n ṣí iwájú lọ́rì kan, wọ́n so wáyà mọ́ bátìrì rẹ̀. Ẹlẹ́rọ rédíò ló kọ́kọ́ ṣe, tirẹ̀ fò gba orí òrùlé. Ó yí ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Tíṣà, ó kàn ọ́." Mo fi wáyà kàn án. Irú igbe tí mọ́tò náà ké, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ení, èjì, ìyẹ́ agolo ti bọ́ lórí rẹ̀, ó ń kọ mànà nínú oòrùn, ó kọjá òrùlé, ó kọjá igi ọdán, ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rí ibi tó bọ́ sí. Àwọn dẹ́rẹ́bà hó yè. Wọ́n ní, "Tíṣà! Tún un ṣe!"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dáwọ́ dúró. Mọ́tò náà gbóná lọ́wọ́ mi bí iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná. Ó yẹ kó sinmi. Ṣùgbọ́n wọ́n ń pe orúkọ iṣẹ́ mi, mo gé ìyẹ́ mìíràn kíákíá, mo tún fi iná sí i. Lọ́tẹ̀ yìí ìyẹ́ náà há, kò tètè fò. Mo ń dúró dè é. N kò kà mọ́. Òórùn èékánná ló jí mi, èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì yọ láàárín ìka mi. Mọ́tò ti dákẹ́. Wọn kò kà á sí. Wọ́n ní mo ti gbégbá orókè. Ẹlẹ́rọ rédíò bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, mo sì fi mọ́tò tó jó náà sápò.

Mo sáré padà sí Igbó-Ọrà. Ìyá Ìbejì kò tíì dé. Mo dá mọ́tò tó ti jó padà sínú bàálù, mo dè é, mo fi aṣọ nù ún, mo gbé e sí àyè rẹ̀ gan-an. Ó ń dán. Kò sí ojú tó lè mọ̀. Ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí n wo nǹkan mìíràn lórí pẹpẹ náà, mo wọ yàrá mi lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ tí Ìyá Ìbejì kígbe, "Yéè!" Mo jáde. Ó dúró níwájú pẹpẹ, ẹrù ẹ̀gúsí ṣì wà lórí rẹ̀. Ọmọláńgidi náà kọjú sí ògiri, ó kọ̀yìn sí wa.

Ó pe ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ lo yí ẹ̀gbọ́n ẹ sógiri?"

Ọmọ náà ní, "Rárá, Màámi. Ilé Ìyá Àgbà ni mo wà."

"Kò sẹ́ni tó yí i?"

"N ò mọ̀, Màámi."

Ó wò mí. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ rí i pé ẹnì kankan wọlé?"

Mo ní, "Rárá, mà. Èmi náà kò sí nílé." Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí ọmọláńgidi náà padà, ó ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àwọ̀ ojú rẹ̀ ti yí padà. Ohun tó ń rò kò ṣòro láti mọ̀: ó rò pé èyí tó lọ ti kọ̀yìn sí òun.

Ọjọ́ ẹ̀wà pé. Wọ́n fún mi ní tèmi nínú abọ́, epo pupa ń dán lórí rẹ̀, mo jókòó sórí àga mi nínú pálọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Mo lè jáde lọ lọ́jọ́ yẹn. N kò jáde, torí pé mo rò pé bí mo bá jáde, wọ́n á fura. Wọ́n gbé bàálù méjèèjì sílẹ̀. Ti ọmọ náà rìn. Tẹ̀gbọ́n kò mira. Wọ́n pààrọ̀ bátìrì, kò mira. Ìyá Ìbejì gbé e súnmọ́ imú, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀.

"Kò ṣẹ̀yìn ẹ."

"Màámi, n ò mú un."

"Ìwọ lo yí i sógiri lọ́jọ́sí kó má baà rí ẹ!"

"Màámi, n ò mú un o."

Ó kọjú sí mi. "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ nǹkan wọ̀nyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó. Kí ló ṣe é?"

Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo tú u. Mo wò ó pẹ́, bí dókítà. Mo wá sọ̀rọ̀. Mo ní, "Bí ọmọdé bá di ìyẹ́ rẹ̀ mú nígbà tó ń yí, inú rẹ̀ máa ń jó."

Òtítọ́ ni. Mọ́tò tí wọ́n dá dúró tipátipá lórí iná á jó. N kò sọ pé ọmọ yìí ló dì í mú. "Bí ọmọdé bá" ni mo wí. Ó tó ọdún mélòó kan tí mo fi ń fi "bí" yìí tu ara mi nínú, mo ń sọ fún ara mi pé n kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Irọ́ tó burú jù tí mo pa láyé mi nìyẹn, n kò sì rí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí kì í ṣe òótọ́.

Ìyá Ìbejì fa pàṣán yọ. Kò nà án rí lójú mi. Ó ní kó na ọwọ́, ó nà án ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, ó nà án ní tòsì. Ìyá náà gan-an ń sunkún. Ó ń sọ pé, "Ṣé o fẹ́ kó wá mú ẹ ni? Ṣé o fẹ́ fi mí sílẹ̀ ni?" Ọmọ náà wò mí lẹ́ẹ̀kan. N kò mọ̀ bóyá ó fura tàbí ó kàn ń wá àgbàlagbà tó máa gbà á sílẹ̀. Ẹ̀wà wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì.

Lẹ́yìn náà ọmọ náà ní, "Èmi ni, Màámi. Èmi ni. Ẹ má bínú." Ó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, n ò ní mú un mọ́." Ìyá rẹ̀ gbé bàálù tí ọmọ náà fi ń ṣeré, èyí tí ọ̀dà ti bó lára rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọláńgidi. Ó gbé èyí tó jó fún ọmọ.

Èmi ṣèlérí pé n ó wá mọ́tò mìíràn ní Ìbàdàn. Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Tíṣà, Ọlọ́run á fi ìbejì ta yín lọ́rẹ."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ibà mú ọmọ náà. Ibà lásán ni, irú èyí tó ń mú gbogbo ọmọdé lásìkò òjò, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ mẹ́rin, Ìyá Ìbejì kò lọ sí oko, kò lọ sí ọjà. Ó jókòó láàárín ẹni tó ń ṣàìsàn àti pẹpẹ, ó ń bẹ èyí, ó ń bẹ ìyẹn. Gbólóhùn kan láti ẹnu mi ì bá mú ẹ̀rù yẹn kúrò lọ́kàn rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ra ògùn ibà wá, wọ́n sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọmọ náà gbádùn, ṣùgbọ́n ohun kan yí padà lára rẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá wọ pálọ̀, á káwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Yóò gba iwájú pẹpẹ kọjá, ọwọ́ rẹ̀ á wà lẹ́yìn, á sì dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó jù wọ́n sílẹ̀. Bí mo bá na bisikíìtì sí i, á kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀.

Mo lọ sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan nígbà ìsinmi. Mo rí mọ́tò kan, ó tóbi ju àyè rẹ̀ lọ. N kò wá òmíràn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé mi lọ sí ilé-ìwé mìíràn ní ọ̀nà jíjìn, inú mi sì dùn débi pé mo kọrin nínú lọ́rì tó kó ẹrù mi. Láti ọjọ́ tí mọ́tò náà ti jó, n kò dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ rédíò mọ́, n kò sì tún fi iná sí mọ́tò kankan.

Ọdún mẹ́jọ kọjá. Mo gbéyàwó. Ìyàwó mi bí ìbejì, ọkùnrin méjì, àwọn méjèèjì sì yè. Gbogbo èèyàn ń bá mi yọ̀, èmi sì jókòó sẹ́yìn ilé. Àdúrà Ìyá Ìbejì ti gbà, àdúrà tí mo fi irọ́ gbà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí mo rí ìyàwó mi tó ń ra ṣaworo méjì, fìlà méjì, nǹkan gbogbo ní méjì méjì, n kò lè fara dà á mọ́. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Igbó-Ọrà.

Ìyá Ìbejì ti darúgbó díẹ̀, ṣùgbọ́n ilé náà kò yí padà. Ọmọláńgidi wà lórí pẹpẹ, bàálù tí ọ̀dà rẹ̀ bó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi, ó ń fi oyè tí n kò ní pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí ó tó kí mi tán. Mo sọ ọ́. Bátìrì lọ́rì, igi ọdán, èéfín, gbogbo rẹ̀. N kò gbójú sókè.

Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò béèrè ọ̀rọ̀ bàálù.

Ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ̀yin lẹ yí i sógiri?"

Mo ní, "Èmi ni, mà."

"Kì í ṣe pé òun ló kọ̀yìn sí mi?"

"Kì í ṣe òun, mà. Èmi ni."

Ó mí kanlẹ̀, ó fi etí ìró nu ojú. Ó wá pe ọmọ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó wọ aṣọ ilé-ìwé girama. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó dìde, ó sì káwọ́ sẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ sọ fún un, ní gbólóhùn mẹ́ta péré. Ó lọ sí ibi pẹpẹ, ó gbé bàálù náà, ó nà án sí i.

"Tìẹ ni. Gbà á. Ọmọ mi, dárí jì mí, gbà á."

Ọmọbìnrin náà wo bàálù náà. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lẹ́yìn. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, irú wíwò ọjọ́ ẹ̀wà yẹn gan-an. Kò bínú, kò sì sunkún.

Ó ní, "Màámi, ẹ gbé e fún Tíṣà. Àwọn ló fẹ́ ẹ."

Ìyá rẹ̀ gbé e lé mi lọ́wọ́. N kò lè kọ̀ ọ́, mo na ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo gbé e lé itan títí ọkọ̀ fi dé ilé. Àwọn ìbejì mi wà lórí ẹní, ọwọ́ wọn ń wá nǹkan dì mú. Ọ̀kan ṣoṣo ni bàálù náà, méjì sì ni wọ́n. Mo fi aṣọ wé e, mo fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí mi, ibẹ̀ ló sì wà di òní.